Bí Ojú Bá Wú, Kí Ni Ó Wà Nídìí Rẹ̀?

Lónìí, a fi ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti iye owó àgbàdo sílẹ̀ díẹ̀, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ara tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ojú wíwú ni a fẹ́ yẹ̀ wò: kí ìpéǹpéjú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè tàbí abẹ́ àgbọ̀n ènìyàn wú ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀dọ̀ ohun ọ̀sìn wọ inú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ohun tí púpọ̀ nínú yín ti rí lára àgùntàn ni yóò mú kí èyí tí ó wà lára ènìyàn tètè yé wa.

Ẹ ó ti rí àgùntàn tàbí ewúrẹ́ tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sọ̀ bí ẹni pé ó gbé àpò omi kọ́rùn. Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀, kò gbóná, kò sì jọ pé ó dun ẹran náà. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó bá ti jẹko dé, ni ó máa ń tóbi jù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti lè fà díẹ̀. Àwọn kan á ní ejò ni ó bù ú jẹ, àwọn mìíràn á ní ọmọ aládùúgbò ni ó sọ òkúta lù ú. Aràn ni. Aràn kan wà tí í gbé inú ikùn ẹran tí í máa mu ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ọ̀kan ṣoṣo ń mu lóòjọ́ kò ju ẹ̀kán kan lọ, ṣùgbọ́n bí aràn náà bá tó 5,000 nínú àgùntàn kan, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń mu lóòjọ́ lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin lítà.

Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń di omi mú kí ó má baà jò jáde sínú ẹran ara. Inú oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà, bí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, ni àwa ènìyàn ti ń rí èyí tí ara fi ń ṣe é. Nígbà tí aràn bá ti mu ẹ̀jẹ̀ ẹran náà lọ, ohun tí ń di omi mú bá a lọ. Omi á wá máa jò, á sì wá ibi tí ó bá rẹlẹ̀ lọ. Àgùntàn tí ó ti dorí kodò jẹko láti òwúrọ̀, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ni ó rẹlẹ̀. Ẹ fi ìka ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wò. Bí inú rẹ̀ bá funfun dípò kí ó pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀ nìyẹn. Oògùn aràn ni kí ẹ wá fún un. Ẹni tí ó bá fi abẹ gún ibi tí ó wú yóò rí omi tí ó dà jáde, inú rẹ̀ á sì dùn. Ẹran náà á kú síbẹ̀síbẹ̀.

Bí ó ti rí fún àgùntàn náà ni ó rí fún ènìyàn. Wíwú dà bí àrokò tí àrùn fi ránṣẹ́ sí wa láti ibòmíràn. Ẹni tí ó bá ju àrokò nù láì kà á kò ní mọ ohun tí ń bọ̀. Ọ̀nà tí a fi ń kà á kò ṣòro: ìgbà wo ni ó ń wú lójúmọ́? Ẹ̀gbẹ́ kan ni, tàbí méjèèjì? Ó ń dùn, ó gbóná, tàbí ó kàn rọ̀ bí òwú ni?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ tí ó jí ní òwúrọ̀ tí ojú rẹ̀ wú, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, tí ó sì máa ń fà tí oòrùn bá ti mú. Àwọn ìyá máa ń sọ pé oorun ni ó sùn jù. Ẹ wò ó dáadáa: ti àgùntàn ń pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ti ọmọ yìí ń pọ̀ ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni. Ọmọ tí ó sùn gbalaja, omi ara rẹ̀ á dúró sí ojú, nítorí awọ abẹ́ ojú fúyẹ́, ó sì rọ̀. Nígbà tí ó bá dìde tí ó ń sáré kiri, omi náà á sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ẹ tẹ ìka mọ́ iwájú ojúgun rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí ojú ìka yín bá jìn síbẹ̀ tí kò tètè kún, omi ni.

Ó ṣeé ṣe kí kíndìnrín ọmọ náà wà nínú ewu. Kíndìnrín ni asẹ́ ara. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sẹ́ ògì mọ̀ pé bí asẹ́ bá ya, ohun tí kò yẹ kí ó kọjá á kọjá. Bí asẹ́ ara bá ya, ohun rere tí ń di omi mú nínú ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìtọ̀ jáde. Ìtọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á máa hó bí omi ọṣẹ, ìhó náà kì í sì í tètè pa. Irú kejì wà tí ó yẹ kí àwa ará oko mọ̀ dájú. Ọmọ tí kúrúnà bò lára, tí ó ń họ ọ́ títí ó fi di egbò tí ń ṣọyún, kòkòrò àrùn kan lè wọ ojú egbò náà. Ara ọmọ á bá kòkòrò náà jà, ṣùgbọ́n ìjà ọ̀hún á ba kíndìnrín jẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn náà. Nígbà náà, egbò ti lè gbẹ, ìyá ti gbàgbé. Lójijì, ojú ọmọ wú, ìtọ̀ rẹ̀ dín kù, ó sì dúdú bí omi tíì tàbí Kóòkì. Orí á máa fọ́ ọ. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru jù, gìrì lè gbé e. Ọ̀nà ọ̀fun tí kòkòrò yìí mú náà lè fa irú èyí, ìyẹn a sì máa yá kánkán ju ti egbò lọ.

Ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ bọ inú ìtọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí kíndìnrín bá ń jò. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ọmọ náà pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àgbàlagbà nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ń ru lára rẹ̀. Ẹ dín iyọ̀ àti mágì kù nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fún un ní àgbo tí ń mú ènìyàn tọ̀, ẹ má sì ra oògùn ara ríro fún un lọ́wọ́ akirità inú ọkọ̀, nítorí òmíràn nínú wọn a máa pa kíndìnrín lára sí i. Irú èyí tí ó tẹ̀lé egbò, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá bí ìtọ́jú bá tètè dé. Ti ìtọ̀ tí ń hó lè gba oṣù púpọ̀. Ẹni tí ó bá sì wẹ ọmọ rẹ̀ mọ́, tí ó tọ́jú kúrúnà kí ó tó di egbò, ti ṣọ́ kíndìnrín ọmọ náà láì mọ̀.

Aboyún náà ńkọ́? Pé ẹsẹ̀ aboyún wú díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kò ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n bí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bá wú lójijì lẹ́yìn oṣù márùn-ún, tí òrùka kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì tàbí tí òkè ikùn ń dùn ún, ẹ má ṣe jókòó máa jiyàn pé ìbejì ni tàbí ọmọkùnrin. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Gìrì tí ń gbé aboyún ni ó tẹ̀lé e, ó sì ń pa ìyá àti ọmọ. Abẹ́rẹ́ tí ń dènà gìrì náà wà, magnesium sulphate ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni ó wà, kò sí nínú ìkòkò àgbo.

Ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú náà lè ní ojú rọ̀bọ̀tọ̀ tí àlejò á máa yìn pé ó sanra, nígbà tí apá rẹ̀ rù, irun rẹ̀ ń pọ́n, tí inú rẹ̀ kì í sì í dùn. Ní ọdún 1935, Cicely Williams, dókítà obìnrin tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ orúkọ tí àwọn ará Ga ń pe àrùn yìí sínú ìwé ìṣègùn: kwashiorkor, àrùn tí ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò bá dé. Oúnjẹ tí kò pé ni ìdí rẹ̀, ẹ̀kọ lásán láàárọ̀, àmàlà lásán lálẹ́. Ó máa ń dùn mí pé ilé àgbẹ̀ ni a ti ń rí i. A ń kó ẹ̀wà àti ẹyin lọ sọ́jà títí kò fi ní ku ẹyọ kan fún ọmọ ilé. Ọmọ tí ó bá ti wú, ẹ má rọ oúnjẹ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, wọn kì í gbóná, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n sì ń wú. Èyí tí ó wú ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó gbóná, tí ó sì ń dùn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, òun ni ó sì pọ̀ jù láàárín wa. Eyín ni ó sábà máa ń fà á.

Ẹ jẹ́ kí a mú àgbẹ̀ kan tí eyín rẹ̀ ti ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, lu. Àsìkò ebè kíkọ ni, kò ráàyè. Ó ń fi áásà dí i, ó ń fi ọtí yọ ẹnu, ó ń jẹ̀rora lóru. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìrora náà dákẹ́. Ó dúpẹ́, ó ní oògùn òun jẹ́. Áásà kọ́ ni ó jẹ́: eyín náà ni ó kú, òkú kì í sì í pariwo. Kòkòrò àrùn ti gba inú ihò náà sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí gbòǹgbò eyín, ó ń ṣọyún nínú egungun àgbọ̀n. Ó lè pẹ́ kí ó tó jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú kẹ̀bẹ̀tẹ̀. Ó lọ sí kẹ́mísì, wọ́n ta kápúsù mẹ́fà fún un, ó gbé e mì, ojú fà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó tún dé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ẹ̀kan jà lóko rí mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tí ó gé ewé ẹ̀kan tí kò wú gbòǹgbò rẹ̀ yóò tún padà wá gé e. Kápúsù ń gé ewé. Dókítà eyín ni yóò wú gbòǹgbò, yálà kí ó yọ eyín náà tàbí kí ó fọ inú rẹ̀ kí ó sì dí i.

Àwọn ènìyàn gbà pé a kì í yọ eyín nígbà tí ojú bá wú, wọ́n á sì jókòó sílé títí yóò fi fà. Ẹ má dúró. Dókítà eyín ni kí ó wò ó kí ó sọ, nítorí nígbà púpọ̀, ọyún tí ó jáde ni ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ní ẹ̀ka eyín, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Èkó.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ fi ṣíbí tíì iyọ̀ kan sínú ife omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ máa fi yọ ẹnu. Àgbàlagbà lè lo párásítámọ̀ méjì, kí ó tó wákàtí mẹ́fà kí ó tó lo òmíràn, kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ má fi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìta, ó lè fa ọyún gba ara awọ jáde, àpá rẹ̀ kò sì ní lọ mọ́. Omi bátìrì, ẹ̀tù ìbọn, bẹntiróòlù: mo ti gbọ́ pé wọ́n ń fi gbogbo wọn sí eyín. Erìgì àti egungun ni wọ́n ń jó. Eéwo tí ó bá sì yọ láàárín imú àti ètè òkè, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fún un. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ní ọ̀nà dé inú agbárí.

Èyí tí ó ń pa ènìyàn nínú ti eyín ni èyí tí ó sọ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n tí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Abẹ́ àgbọ̀n á le bí pákó. Ahọ́n á gbé sókè, itọ́ á máa dà nítorí kò lè gbé e mì, ohùn á yí padà, ẹnu kò ní lè là dáadáa, kò sì ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Wilhelm von Ludwig, dókítà ará Jámánì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1836, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà títí dòní. Kí oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn tó dé, ó ju ìdajì àwọn tí ó mú lọ tí í kú. Ọ̀nà èémí ni ó ń dí, wákàtí mélòó kan ni ó sì tó fún un. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù rẹ̀ jù. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní òru, òru náà ni kí ẹ gbéra.

Ti ọmọdé tún wà. Ṣegede máa ń wú níwájú etí àti lábẹ́ rẹ̀, ó sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ibà bá a rìn, jíjẹun sì ń dun ọmọ. Kò sí oògùn tí ń lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á lọ fúnra rẹ̀. Ẹ fún un ní oúnjẹ rírọ̀ àti omi. Ṣùgbọ́n bí egungun àgbọ̀n ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́wàá bá ń wú, tí kò gbóná, tí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún, tí eyín rẹ̀ ń mì, tí ó sì ń tóbi lójoojúmọ́ tí ojú fi ń rí i, jẹjẹrẹ kan ni a ń bẹ̀rù. Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Uganda, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958. Ilẹ̀ tí ibà ẹ̀fọn ti ń jà púpọ̀ bíi tiwa ni ó ti wọ́pọ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó lè di ìlọ́po méjì. Bí ó ti ń yára tó yìí náà ni oògùn fi ń tètè ràn án: abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, wọn kì í gé àgbọ̀n, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó tètè dé sì ń yè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé oníṣègùn tí ń fín gbẹ́rẹ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ ni ó ń pa àwọn tí kò yẹ kí ó kú.

Èyí tí ó bá dé wìì, nǹkan ni ó fara kan ènìyàn tàbí ó jẹ nǹkan. Yèrèpè àti oje èèpo kajú tí wọ́n ń sun ni àwa ará oko mọ̀. Omi púpọ̀ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ojú. Aró dúdú tí àwọn àgbà fi ń pa irun láró nígbà ọdún a máa wú ìpéǹpéjú àwọn kan, ẹni tí ó bá sì ti ṣe lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ lò ó mọ́. Bí oyin bá ta yín, ẹ yára yọ ìtàn rẹ̀ kúrò lára, bí ẹ bá ṣe yọ ọ́ kò ṣe pàtàkì tó kí ẹ tètè yọ ọ́. Bí ara bá sú, tí ètè àti ahọ́n wú, tí àyà ń há, tí òòyì ń kọ́ni, abẹ́rẹ́ adrenaline nílé ìwòsàn ni ó lè gbà á là.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ gbọ́ èyí. Lisinopril, ramipril àti captopril lè wú ètè àti ahọ́n láì yún ara, kódà lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún tí ènìyàn ti ń lò wọ́n ní àlàáfíà. Àwa ènìyàn dúdú ni ó sì ń ṣe jù. Ẹ dá oògùn náà dúró, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí dókítà fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró pátápátá nítorí ìyẹn.

Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi Mectizan tọrẹ fún àrùn nárun tí ń fọ́ ojú létí odò. Láwọn ibi tí wọ́n ti ń pín in, ojú àwọn kan máa ń wú, ara wọn á sì máa yún, ní ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n gbé e mì. Gbogbo abúlé á wá sọ pé májèlé ni, wọn kò ní gbà á lọ́dún tí ó tẹ̀lé e. Ọmọ aràn tí ó ń kú nínú awọ ni ó ń fà á, á sì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ẹni tí aràn ti rìn kọjá lójú rẹ̀ rí sọ fún ẹni tí ń pín oògùn kó tó gbé e mì, nítorí oògùn náà lè ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní jàǹbá. Aboyún kò gbọdọ̀ lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà. Abẹ́rẹ́ ivermectin tí ẹ rà fún àgùntàn, ti àgùntàn ni.

Bí ẹ bá ń gbé ẹni tí ọ̀fun tàbí ahọ́n rẹ̀ wú lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí itọ́ máa dà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kadà ni ẹ rí, kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láti dì í mú. Ẹ má fún un ní omi, epo pupa tàbí àgbo lójú ọ̀nà, kí ó má baà gba ọ̀nà èémí lọ. Kí ẹ sì mú páálí gbogbo oògùn tí ó ti lò láti ọjọ́ mẹ́ta dání, kí dókítà rí i.